Pọ́ọ́kú Ni Mo Ń Wá: Bí Mo Ṣe Ra Inṣọ́ránsì Mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ ọlọ́jà sì ni mí. Gààrí ni ìyá mi ń tà ní Òkè-Ajé, kò sì sí ohun tí a kì í ná kí a tó rà á nílé wa. Torí náà, nígbà tí mo ra mọ́tò àkọ́kọ́ mi, tí wọ́n ní dandan ni inṣọ́ránsì, ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló máa tà á fún mi ní pọ́ọ́kú? Ọmọ ọdún 24 ni mí. Ṣágámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde la ń gbé, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Benin ni mo ń gbà lọ, òun náà ni mo ń gbà bọ̀, èmi àti tírélà, èmi àti ọkọ̀ agbépo. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé àdúrà nìkan kò tó láti fi gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀dọ́ ni wọ́n ń bu owó lé jù. Wọ́n á béèrè ọjọ́ orí rẹ, wọ́n á béèrè ìgbà tó o gba láísẹ́ǹsì, àdúgbò tó ò ń gbé, àti bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà ṣe tóbi tó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún máa ń fi àpótí kékeré kan sínú mọ́tò, tí á máa ṣọ́ bó o ṣe ń sáré, bó o ṣe ń tẹ búrẹ́ẹ̀kì, àti bóyá òru lo fi ń rìn. Bó o bá ń ṣe jẹ́jẹ́, owó rẹ lè wálẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn á fi orúkọ ìyá tàbí bàbá wọn kún ìwé gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n bó o bá lọ sọ pé ìyá rẹ ló ń wa mọ́tò náà jù, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ ni, jìbìtì ni wọ́n ń pè é. Ó ní nígbà kan, owó tí àwọn obìnrin ń san kéré sí ti ọkùnrin níbẹ̀, kí ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó dá a lẹ́jọ́ ní 2011 pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, tí ìdájọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 2012. Mo ní ó mà ṣe o, àǹfààní kan ṣoṣo tí èmi obìnrin ì bá ní nìyẹn.

Ti òkè òkun ni gbogbo ìyẹn ṣá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nílé, mo rí i pé third party, ìyẹn inṣọ́ránsì dandan tó ń san ohun tó o bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà. NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, ti fi iye kan lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Láti ọjọ́ 1 January 2023, 15,000 náírà lọ́dún ni fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tí èèyàn fi ń rin ìrìn ara rẹ̀. 5,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ariwo tí àwọn èèyàn sì pa nígbà yẹn kò kéré. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san 5,000, ọ̀kadà ń san 3,000, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń fi ẹrù ṣòwò ń san 100,000. O lè jẹ́ ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì lánàá, o lè jẹ́ bàbá arúgbó tó ti ń wakọ̀ láti ayé Awólọ́wọ̀, iye kan náà ni. 

Iṣẹ́ tí 15,000 yẹn ń ṣe ni pé, bó o bá fi mọ́tò rẹ ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò á san án títí dé 3 mílíọ̀nù náírà. Bó o bá ṣe èèyàn léṣe, tàbí tí ẹ̀mí lọ sí i, wọ́n á dúró fún ìyẹn náà. Mọ́tò tìrẹ ńkọ́? Kò kàn wọ́n. Bó o bá fi orí rẹ̀ sọ igi, ìwọ àti pánẹ́bítà rẹ lẹ jọ máa sọ ọ́.

Bí owó bá ti jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, ìnájà ti tán níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé òun máa tà á fún ọ ní iye tó wálẹ̀, bébà ló fẹ́ tà fún ọ.

Mo pàdé irú rẹ̀ níbi tí mo ti lọ ṣe pàtíkúlà. Ọkùnrin kan gbé báàgì há abíyá, ó ń rìn láàárín wa, ó ní òun lè bá mi ṣe third party ní 6,000. Mo ní ṣebí 15,000 ni mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ti ọlọ́pàá lásán nìyí o. Ẹ ṣáà fi hàn wọ́n, kẹ́ ẹ máa lọ.” Mi ò bá a jiyàn, torí ó ti sọ òótọ́ fún mi láì mọ̀. Ìwé tí wọ́n ń fi han ọlọ́pàá ló ń tà, kò sí inṣọ́ránsì kankan nínú báàgì yẹn.

Ti ọlọ́pàá gan-an kò sì rọrùn bí i ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ 1 February 2025 ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ti ń béèrè third party jákèjádò orílẹ̀-èdè, òfin inṣọ́ránsì ọdún 2003, kí òfin tuntun ọdún 2025 tó rọ́pò rẹ̀, sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé ẹni tí kò bá ní in lè san ìtanràn 250,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí kó gba méjèèjì. Fóònù ọwọ́ rẹ sì ti tó láti fi mọ ayédèrú. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, tí orúkọ gbogbo mọ́tò tó ní inṣọ́ránsì tòótọ́ yẹ kó wà nínú rẹ̀. Wàá lọ sí askniid.org, wàá tẹ nọ́ńbà mọ́tò rẹ, á sọ fún ọ bóyá inṣọ́ránsì wà tàbí kò sí, ilé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tó máa parí. Ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn ni ilé wa, lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú á ti wálé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi to mọ́tò síwájú ilé wa lọ bí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin ti kọjá, regbéregbé ti jó tán, a ti ń jẹ ẹran ọdún nínú ọgbà, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù yẹ nọ́ńbà mọ́tò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Eré ni mo pè é. Ti àwọn kan jáde wẹ́rẹ́. Ti àwọn kan, fóònù ní kò rí nǹkan kan tó jọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn wa Benz wá. Aṣọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá lọ́dún yẹn nìkan tó ra third party fún gbogbo mọ́tò tó wà níwájú ilé, fìlà kò tíì sí níbẹ̀ o. Inṣọ́ránsì rẹ̀ ló jẹ́ ayédèrú. Ó pe ẹni tó bá a ṣe é níṣojú wa, ẹni yẹn ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Nẹ́tíwọọ̀kì lè fà á lóòótọ́: nígbà mìíràn ilé iṣẹ́ á ti gbowó, wọn ò ní tíì gbé orúkọ rẹ sókè. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rẹ́ wa yìí ti pé oṣù mélòó kan. Nẹ́tíwọọ̀kì wo ló ń pẹ́ tó yẹn?

Kí n tó lè ra tèmi, orúkọ ló kọ́kọ́ dí mi lọ́wọ́. Corolla tí mo ń wà, ọwọ́ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ìkòròdú ni mo ti rà á, orúkọ tiwọn ló sì wà lára gbogbo ìwé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bi mí pé ta ló ni mọ́tò. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tí òfò máa bá ló lè ra inṣọ́ránsì lé nǹkan, bí mọ́tò bá sì sọnù lọ́la, ọ̀rọ̀ á di ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo bá lọ sọ fún bọ̀dá pé mo fẹ́ yí ìwé sí orúkọ mi. Wọ́n wò mí títí. “Ṣé o ti fẹ́ lé mi kúrò lára mọ́tò mi ni?” Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo rò pé àwa ọ̀dọ́ ni èyí ń mú jù, torí inú ẹbí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí mọ́tò àkọ́kọ́, ojú sì máa ń ti èèyàn láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀. Ẹ béèrè. Owó tí mo fi yí orúkọ náà bí ìyá mi nínú ju owó inṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ lọ, mi ò sì ní jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ó wá ku èyí tí wọ́n ń pè ní comprehensive, tó ń tún mọ́tò tìrẹ náà ṣe, tó sì ń san owó rẹ̀ bí wọ́n bá jí i tàbí tí iná bá jó o. Níbẹ̀ náà, NAICOM ti fi ilẹ̀ kan tẹ́ ẹ: owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 iye mọ́tò lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó tán. Mọ́tò tí iye rẹ̀ jẹ́ 4 mílíọ̀nù á san 200,000 náírà lọ́dún, ó kéré tán. Mo rò ó fún ìyá mi. Wọ́n ní, “Bí ọdún bá parí tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n á dá owó ọ̀hún padà ni?” Mo ní rárá o. Wọ́n ní, “Àjọ wo ni kò ní ìkó?” Mo ní ó ní ìkó, ẹnì kan ń kó o lójoojúmọ́, àdúrà wa ni pé kó má kàn wá. Wọn ò fún mi lésì, wọ́n kàn ń bá gààrí wọn lọ.

Ibi comprehensive yìí ni ọjọ́ orí mi ti wá jáde, kì í sì í ṣe ibi tí mo ti ń retí rẹ̀. Mo ti rò pé wọ́n á fi nǹkan lé iye tí màá san. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n bù fún mi kò yàtọ̀ sí ti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tó ti lé ní ọmọ 50 ọdún, tí mọ́tò wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Inú mi dùn. Mo wá gba ìwé náà lọ sílé, mo kà á láti òkè délẹ̀, àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn náà ò gbẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn tó bá ń ka èyí, kẹ́ ẹ ka tiyín náà.

Nínú ìwé inṣọ́ránsì, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní excess. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìwọ lo máa kọ́kọ́ san ìyẹn lápò ara rẹ, kí ilé iṣẹ́ tó fi tiwọn kún un. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé bí ẹni tó ń wakọ̀ kò bá tíì pé ọmọ ọdún 25, tàbí tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, excess mìíràn á tún gorí ti tẹ́lẹ̀. Éjẹ́ǹtì tó bá mi sọ̀rọ̀ kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Ìyẹn ò tó nǹkan.” Mo bá jókòó, mo ṣírò rẹ̀: bí ẹnì kan bá fọ́ iná iwájú mọ́tò mi, tó tẹ bọ́ńpà mọ́lẹ̀, excess méjèèjì á jẹ owó àtúnṣe náà tán pátápátá. Màá ti san 200,000, màá tún tún mọ́tò mi ṣe lápò ara mi.

Ohun tó yé mi nìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní London, iwájú ni wọ́n ti ń gba owó ọ̀dọ́. Níbí, ẹ̀yìn ni. Iye tí wọ́n pè fún ọ lọ́jọ́ tó o ra á kò sọ bóyá ó wọ́n tàbí ó pọ́ọ́kú; iye tó máa ṣẹ́ kù sí ọ lọ́rùn lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ló ń sọ ọ́. Láti ìgbà náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé “èló ni?” Mo ń bi wọ́n pé “bí wọ́n bá gbá mi, èló ni màá san?” Ìbéèrè yìí máa ń da ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì láàmú.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń so. Bó o bá kọ iye mọ́tò rẹ ju bó ṣe jẹ́ lọ, ìdá 5 yẹn á ga, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí i, iye tó ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa wò. Ìgbéraga lo kàn ra. Omíyalé àti rògbòdìyàn kì í sábà sí nínú rẹ̀ àyàfi tó o bá fi owó kún un. Láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ lè fọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó ń dun mí jù ni ti kábúkábú. Àwọn ẹgbẹ́ mi pọ̀ tí wọ́n máa ń dúró ní gárééjì kí wọ́n gbé èrò mẹ́ta mẹ́rin lọ sí Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, kí owó epo lè jáde. Èmi náà mọ bí epo ṣe wọ́n, mi ò bá wọn wí. Àmọ́ inṣọ́ránsì tí wọ́n kọ sí pé ti ìrìn ara ẹni ni, kò bá ọ gbé èrò. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá já, èrò kan ṣoṣo tó bá jẹ́wọ́ pé òun sanwó ti tó láti pa ìwé rẹ kú.

Ohun tí mo wá rà, àárín ni. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta third party tí wọ́n fi àtúnṣe mọ́tò tìrẹ díẹ̀ kún, tó ní gbèdéke. Ó ju 15,000 lọ, kò sì súnmọ́ 200,000 rárá. Kò ní ra mọ́tò tuntun fún mi bí wọ́n bá jí ti ọwọ́ mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Corolla tó ti dàgbà tó tèmi, bọ́ńpà àti iná ló ń yá a lára láti fọ́, ìyẹn sì ni gbèdéke náà kájú. Kí n tó sanwó, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì fún mi pé excess ti ọ̀dọ́ kò sí níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń ta irú rẹ̀ ní owó tó kéré sí ti ilé iṣẹ́ tí mo rà á lọ́wọ́ wọn, àmọ́ wọ́n kọ̀, wọn ò kọ ímeèlì. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Àsanwó-tẹ́lẹ̀ ni o, òfin kò gbà kí wọ́n ṣe é fún ọ láwìn, torí náà àjọ tí mo kó lóṣù yẹn ló lọ sí i. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni mo san án sí, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì. Kí n tó jẹun alẹ́ lọ́jọ́ kejì, orúkọ mi ti jáde lórí askniid.

Lẹ́yìn náà ni Camry kan gbá mi lẹ́yìn ní ìkóríta Òdógbolú. Tírélà kan ló dúró gìrì níwájú, èmi dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn mi kò rí ààyè dúró. Bọ̀dá kan ló sọ̀ kalẹ̀, ojú wọn ti funfun. “Ẹ má bínú, àbúrò mi. Mo ní inṣọ́ránsì. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n.” Mo ya fọ́tò mọ́tò méjèèjì, nọ́ńbà wọn, láísẹ́ǹsì wọn àti ìwé inṣọ́ránsì náà. Ìwé tó dára lójú ni, ó ní òǹtẹ̀, ó ní àmì. Mo tẹ nọ́ńbà wọn sí fóònù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Wọ́n pe éjẹ́ǹtì wọn, fóònù ẹni yẹn kò lọ.

Àánú wọn ṣe mí, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Wọ́n gbà pé àwọn ní in. Ká ní tòótọ́ ni ìwé wọn, ilé iṣẹ́ tiwọn ló yẹ kó san gbogbo ohun tó bàjẹ́ lára mọ́tò mi, nítorí iṣẹ́ third party gan-an nìyẹn. Ó wá ku àpò wọn, àpò náà kò sì sí nǹkan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo gba ìwé ẹ̀rí. Mo pe ilé iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má baà sọ pé mo pẹ́. Pánẹ́bítà mi kọ iye owó rẹ̀, ilé iṣẹ́ rán ọkùnrin kan wá wò ó. Ọkùnrin yìí ní kò sí ìdí láti ra ìlẹ̀kùn búùtù mìíràn, wọ́n lè lù ú kó tọ́. Pánẹ́bítà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kó wá lù ú fún òun kóun rí i. Wọ́n fà á títí, wọ́n gé díẹ̀, wọ́n fi púpọ̀ sílẹ̀. Owó náà wọ àkáǹtì mi lẹ́yìn tí mo fọwọ́ síwèé, wọ́n yọ excess tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò lé, kò dín. Bọ̀dá Camry ló san excess náà fún mi, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi pé. Wọ́n ṣì máa ń kí mi lórí WhatsApp bí ọdún bá dé.

Ọjọ́ orí mi máa tó pé 25. Excess ti ọ̀dọ́ kò ní bá mi wí mọ́, mo sì ti tún ń bi wọ́n nípa comprehensive. Ilẹ̀ ìdá 5 ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó dá mi lóhùn ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó fún ọdún tí èèyàn kò bá gba owó lọ́wọ́ wọn. Mo ní ṣé ẹ̀dínwó ọ̀hún lè gba abẹ́ ìdá 5 kọjá? Ó ní rárá. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ímeèlì, mo sì ní kó sọ fún mi bí wọ́n bá gbá mi ní Ògèrè lọ́la, èló ni màá san. Mo ṣì ń retí èsì rẹ̀.